Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Tó Kù

Díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ Ìyá kan amọ̀ kí Ìbídùn tó rí i.

Wọ́n ti dìde lórí àpótí ìjókòó wọn. Ìkòkò kan wà lórí àwo tí ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sí apá òsì, Ìyá sì ti na ọwọ́ sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ tún gèlè ọmọ ṣe. Ìbídùn ju amọ̀ tó ń pò sílẹ̀, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n omi kọjá, ó sì gbá ọwọ́ náà mú lókè.

"Ìyá! Ẹ tún ti fẹ́ ṣe é!"

"Ṣe kí ni? Ẹnu rẹ̀ ló wọ́. Tó bá dé inú iná báyìí, lílà ló máa là."

"Ṣíjúwadé á tún un ṣe. Ẹ jókòó, mo bẹ̀ yín. Ẹ má kó bá wa."

Lórí òpó irin tó wà láàrin àgbàlá, Òǹkawọ́ ti yíjú sí wọn. Kì í pariwo, kì í sì í kánjú. Ojú kan ṣoṣo tó ní, tó dà bí ìdí ìgò, tẹjú mọ́ ọwọ́ ìyá àti ọwọ́ ọmọ, ó ń wò ó bóyá amọ̀ ti ra ọwọ́ tí kò yẹ kó rà. Ìbídùn gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ sókè kí ẹ̀rọ náà lè rí i pé ó mọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí iná kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi dẹ́kun ṣíṣẹ́jú. Kò di pupa fòò. Pupa rúsúrúsú tó ti wà láti ìgbà ọyẹ́ náà ló ṣì wà.

Ẹ̀gbà dúdú wà ní ọrùn ọwọ́ Ìbídùn. Ó wà lọ́wọ́ Ṣíjúwadé, ó wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí Àjọ Ìgbéró Iṣẹ́ Kékeré mọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ alámọ̀ yìí. Ọrùn ọwọ́ Ìyá ṣófo. Ibi tí ẹ̀gbà tiwọn ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì mọ́ ju ara yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ìyá ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí Ìbídùn wà ní ọmọ ọwọ́, ẹ̀yìn wọn ló wà bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ yí ìkòkò po, tí wọ́n ń fi ṣúkù àgbàdo họ ara rẹ̀. Gbogbo Ìdí-Amọ̀ ló ń pè wọ́n ní Ìyá Alámọ̀. Ní báyìí, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan amọ̀ nínú ilé ara wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà!"

Fẹ̀yíṣayọ̀ ni, akọ̀wé Àjọ, ó dúró sí ẹ̀yìn ìlà funfun tí wọ́n kùn yí àgbàlá ká. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó wé wọn mọ́ra gírígírí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. Bí àwọn èèyàn ti ń kí oníṣẹ́ ní Ìdí-Amọ̀ nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ á kí ọ, á sì bu ọwọ́ kún un. Bí o bá ru ẹrù, á bá ọ sọ̀ ọ́. Bí o bá ń po èèpo ìrẹsì mọ́ amọ̀, á bá ọ kó èèpo kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ ohun tó bá wá. Ní báyìí, ọmọlúàbí ni ẹni tó bá di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ wọlé, ẹ má dúró síta," ni Ìbídùn wí.

"Mà, ẹ̀rọ ti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn mí lọ́nà."

"Ọwọ́ wọn ò kàn án."

"Kò kàn án, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iná yẹn, mà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún yín."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ àlékún àkọ́kọ́, ìyàwó àbúrò Ìbídùn ló fà á. Ó wá kí wọn láti ọ̀nà jíjìn, kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ wọn ti ní Òǹkawọ́. Ó rí òṣìṣẹ́ kan tó ru agbada amọ̀, ó ní "Pẹ̀lẹ́ o," ó sì bá a sọ̀ ọ́. Ohun tí ọmọ èèyàn ń ṣe láì ronú ni, ẹ̀rọ sì kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ìkejì, Ìyá fúnra wọn ni. Wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, oorun ṣì wà lójú wọn, wọ́n lọ tààrà síbi amọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá. Bí ìkẹta bá wọlé kí ọdún Àjọ tó yí, ilé iṣẹ́ ti dàgbà nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "dàgbà" yẹn dùn létí yín. Nígbà tí àwọn ahunẹní ìsàlẹ̀ odò dàgbà lọ́dún tó kọjá, Àjọ kó orin wá, wọ́n gbé ìwé ẹ̀yẹ aláwọ̀ wúrà lé olórí wọn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ kú oríire, ẹ ti kúrò ní kékeré." Orin ò tíì dákẹ́ tí omi ẹ̀rọ wọn fi dá. Iná tẹ̀lé e. Ìyàwó olórí wọn ló ń bá wọn jó lọ́wọ́ tó fi bú sẹ́kún. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ilé iṣẹ́ náà báyìí, tí ẹni kan bá sì fẹ́ ṣépè fún ẹni kejì ní Ìdí-Amọ̀, á ní, "Wọ́n á kí ọ kú oríire."

"Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀," ni Fẹ̀yíṣayọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Àwọn ọlọ́lá ló ń pe ara wọn ní kékeré nígbà kan. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ tó kún ìlú, wọ́n á ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn. Omi tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Bí a ò bá ka ọwọ́, kí la fẹ́ kà?"

Ohun tó ń bí Ìbídùn nínú nìyí: ọmọ náà ò parọ́. Ì bá sàn kó jẹ́ òṣìkà, kí èèyàn lè kórìíra rẹ̀ kó sì simi. Ìbídùn rántí ìgbà tí kò tíì sí Àjọ, tí wọ́n ń pọn omi láti odò títí àtàrí fi pá, tí àwọn alágbàtà ń ra ìkòkò lọ́wọ́ wọn bí ẹni ń ra ewé. Ó rántí ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nínú àgbàlá yìí. Ìyá fi ojú ara wọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò asẹ́ wọn, tó ń sẹ́ omi mímu, ti ń dé àwọn ìlú etí òkun tí ẹ̀gbin ti wọ kànga wọn, àwọn ará ibẹ̀ ò sì mu omi mìíràn. Ìrànwọ́ náà, ìrànwọ́ gidi ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" ni ó bi í.

Fẹ̀yíṣayọ̀ wo Ìyá, ó sì tún wo ilẹ̀. "Ilé Ìsinmi wà fún àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ sin ìlú. Ọ̀fẹ́ ni. Yàrá tútù, oúnjẹ, dókítà. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀ ní Ìdí-Amọ̀ lọ́la. Tí ẹ bá ti sọ fún mi pé kí wọ́n yà síbí, ó parí. Bí Ìyá bá ti kúrò nínú àgbàlá, Àjọ á pa ọwọ́ tiwọn rẹ́, iná yín á sì padà di àwọ̀ ewé."

"Ilé Ìsinmi." Ìyá ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ti jókòó padà, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Wọ́n ń sinmi, mà."

"Tí wọ́n bá sinmi tán ńkọ́?"

Ọmọ náà tún ọwọ́ rẹ̀ wé mọ́ra lẹ́yìn. "Ìyá tèmi náà wà níbẹ̀, mà," ni ó wí níkẹyìn. "Aláró ni wọ́n. Ara wọn ti bọ̀ sípò, wọ́n sanra."

"Wọ́n sanra," ni Ìyá tún wí.

Ìbídùn ní òun á rò ó. Fẹ̀yíṣayọ̀ kúnlẹ̀ fún Ìyá ní ẹ̀yìn ìlà, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lẹ́yìn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọmọ yìí sì ń gbìyànjú. Ìyẹn ò mú kí iṣẹ́ náà dùn ju bó ti wà lọ.

Nígbà tí oòrùn ti mú gan-an, Ṣíjúwadé wá bá Ìbídùn níbi tó ti ń tẹ́ ìkòkò sí òòrùn. Ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ẹ̀gbà Ìyá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àyà Móyọ̀, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti mí, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ máa bá a mí tọ̀sán tòru, ilé tí iná Àjọ wà nìkan ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ Àjọ nìkan sì ni iná náà ń dé ilé rẹ̀. Àyè kò sí mọ́ nínú àwọn tí Àjọ mọ̀. Ìyá ló bọ́ ẹ̀gbà tiwọn, wọ́n ní, "Ẹ fún un. Èmi ti darúgbó." Wọ́n rò pé ẹ̀gbà nìkan làwọn ń bọ́. Wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Ṣíjúwadé wí, "mi ò sọ pé kí Ìyá lọ o."

"Mo mọ̀."

"Ìyá wo ni mo tún ní? Mi ò lè la ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀ láéláé."

"Ṣíjúwadé, mo ní mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n Móyọ̀..." Ó wo òpó irin, ó wo Ìbídùn. "Lálẹ́ tí iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan níjẹrin, kó tó dé padà, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni."

Ó gbé ìkòkò méjì, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbídùn dúró síbẹ̀, ìdààmú sì bò ó. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí ó bá ní kí ìyá rẹ̀ máa lọ, ọmọ burúkú ni. Bí ó bá ní kí wọ́n dúró, títí ọdún Àjọ á fi yí ni òun á máa ṣọ́ ọwọ́ ìyá òun bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó mọ ọ̀nà ìdí iṣu, ọjọ́ tí òun bá sì gbàgbé, Móyọ̀ ò ní mí mọ́. Ó wo ibi tí Ìyá jókòó sí. Wọ́n di ojú, wọn ò sì sùn. Ó mọ bí ìyá òun ṣe ń sùn.

Gbogbo ilẹ̀ àgbàlá ni wọ́n tẹ́ ìkòkò asẹ́ sí lọ́jọ́ náà, láti ẹnu ìlà funfun títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Iṣẹ́ oṣù kan ni. Wọ́n ti gbẹ tán, ó ku kí wọ́n kó wọn sínú iná lọ́la. Ìkòkò tí kò tíì wọ iná kò yàtọ̀ sí erùpẹ̀ tí èèyàn fi ọgbọ́n tò. Omi kékeré tó bá kàn án, á padà di ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ Àjọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí, Àjọ sì ní òjò ò sí. Àjọ kì í parọ́, ṣùgbọ́n òjò ayé ìsinsìnyí ti gbàgbé ìgbà tirẹ̀, ó máa ń rọ̀ bí orí rẹ̀ bá ti sọ fún un.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé èèpo ìrẹsì fò, ó sì gbé òórùn ilẹ̀ tútù wá láti òdìkejì òkè. Ìbídùn gbé ojú sókè, ó rí i pé ìlà-oòrùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ kó o! Ẹ kó o wọlé!"

Gbogbo wọn fò dìde. Ìkòkò asẹ́ tóbi, ó sì wúwo. Apá kan, ìkòkò kan. Wọ́n sáré lọ sábẹ́ òrùlé, wọ́n sáré bọ̀. Ìbídùn gbé méjì, ó sọ̀ wọ́n, ó tún padà. Bí ó ti ń sáré ni ó ń wo ilẹ̀ àgbàlá, ó sì rí i pé kò sí bí wọ́n ṣe lè kó o tán. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i léjìká.

Àwọn aládùúgbò ti jáde. Lásúnkànmí alágbẹ̀dẹ tó wà ní ilé kejì ló ṣíwájú wọn, èéfín ìléru ṣì wà lójú rẹ̀. Wọ́n sáré wá dé ẹnu ìlà funfun, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Wọ́n tò bí odi, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wọn kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ló ní Òǹkawọ́ tirẹ̀ nílé. Ọwọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ méjì, ilé méjèèjì ló máa kó bá.

Ìgbà náà ni Ìyá dìde, wọ́n sì fi gbogbo ọ̀fun ké igbe àtijọ́ náà.

"Òjò o! Ará ilé, ẹ gbà wá o! Òjò o!"

Ẹni tí kò bá dàgbà ní Ìdí-Amọ̀ kò lè mọ ohun tí igbe yìí jẹ́. Ìlú alámọ̀ ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí wọ́n bá ti ké e, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ké e. Ẹni tó ń jẹun á fi òkèlè sílẹ̀. Ẹni tí ìwọ àti rẹ̀ ń ṣe ẹjọ́ lọ́wọ́, á kọ́kọ́ bá ọ kó ìkòkò wọlé kó tó padà síbi ẹjọ́. Òjò ló ń kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, òun náà ló sì kọ́ ìlú yìí bí wọ́n ti ń gbé pọ̀.

Ìbídùn rí i bí igbe náà ti gba inú àwọn tó dúró sí ẹnu ìlà kọjá. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Obìnrin kan tiẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìlà, ó tún fà á padà bí ẹni tó tẹ iná. Lásúnkànmí ń sunkún, kò tijú.

"Bọ̀dá Lásún!" ni Ìbídùn ké. Kò mọ̀gbà tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Má pe orúkọ mi, Ìbídùn!" Ọkùnrin náà yíjú sí òpó irin. "Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, ó ń gbọ́ orúkọ!"

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" ni Ìyá ń pariwo sí wọn. "Kí ló ṣe yín? Ọwọ́ yín dà? Ẹ̀yin ọmọ Alámọ̀, ọwọ́ yín dà?"

Wọ́n tún ọwọ́ dì sẹ́yìn. Òjò dé.

Kì í ṣe òjò tó ń kí èèyàn kó tó wọlé. Gbogbo rẹ̀ ló dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá bọ́ ìborùn wọn jù sílẹ̀, wọ́n sì sáré. Arúgbó tó ti ń fi ọwọ́ mú ògiri rìn láti ọdún yìí wá, sáré ni wọ́n sá bí ọmọge, tààrà síbi ìkòkò tó wà nítòsí wọn jù. Òǹkawọ́ yí ojú rẹ̀ tẹ̀lé wọn nínú òjò.

Ìkòkò méjì wà lápá Ìbídùn. Ó ju méjèèjì sílẹ̀, wọ́n fọ́, ó sì gbá ìyá rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó fi apá méjèèjì di ọwọ́ wọn mọ́ wọn lára.

"Fi mí sílẹ̀!"

"Ìyá, ẹ má ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ìbídùn, ó ń bàjẹ́! Fi mí sílẹ̀, o ò rí i pé ó ń bàjẹ́!"

Wọ́n lágbára. Kò mọ̀ pé wọ́n ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ja bí ẹja ṣe ń ja, wọ́n fi orí gbá a lágbọ̀n, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbídùn ò tú wọn. Ó fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn ìyá rẹ̀, níbi tó máa ń fi ojú sí nígbà tí wọ́n ń pọ̀n ọ́n, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́. Níwájú wọn, ìkòkò ń mu òjò. Ẹnu wọn kọ́kọ́ rọ̀, ó tẹ̀ sínú, lẹ́yìn náà ni ikùn wọn wó. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ wọ́ àti èyí tó gún régé, ọ̀kan náà ni wọ́n di. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń sáré, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀ ti ń fọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Àbẹ̀kẹ́," ni Ìyá wí. Wọ́n ti dẹ́kun jíjà. Wọ́n pe oríkì rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ìgbà tó wà ní kékeré tí ara rẹ̀ ò dá. "Àbẹ̀kẹ́ mi. Jẹ́ kí n gbé ọ̀kan. Ọ̀kan péré."

Ìbídùn gbé ojú sókè. Láàrin òjò, ó rí Ṣíjúwadé tó dúró, ẹrẹ̀ ń ṣàn ní apá rẹ̀ méjèèjì. Ó ń wo òun àti ìyá òun. Ojú rẹ̀ kún fún ọpẹ́, ó sì kún fún ìtìjú. Ìbídùn ò tíì rí ohun tó burú tó ọpẹ́ náà rí.

Kò sì tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Òjò náà ò pẹ́. Nígbà tó dá, àwọn aládùúgbò ti wọlé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kí ara wọn. Àgbàlá ti di pápá ẹrẹ̀. Ìwọ̀nba ìkòkò tí wọ́n rí kó ló wà lábẹ́ òrùlé, kò sì tó nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi ojú sí. Níbẹ̀ ni Òǹkawọ́ ti sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ló ní, ohùn dídùn, Yorùbá rẹ̀ sì mọ́ gaara.

"Ilé iṣẹ́ Alámọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ewu òjò. Ẹ kò rékọjá iye ọwọ́ yín. Ìrànwọ́ yín ń bá a lọ. A ti rí àdánù yín, ẹ má banújẹ́, Àjọ á kó amọ̀ tuntun wá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́."

"A dúpẹ́," ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wí, nítorí pé bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn. Ó wá wo ẹrẹ̀.

Ìbídùn mú ìyá rẹ̀ wọlé. Ó bọ́ aṣọ tútù lára wọn, ó fi ìró gbígbẹ wé wọn, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú wọn. Wọn ò mu ún. Ní apá wọn méjèèjì, ibi tó ti dì wọ́n mú ti ń wú. Ìbídùn rí i, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Ìyá, ẹ bínú sí mi. Ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

"Mi ò bínú." Òótọ́ ni, wọn ò bínú, ó sì wà lójú wọn. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. "Mo rí ojú Ṣíjúwadé. Bó bá jẹ́ èmi ni, tí ọmọ ọlọ́mọ ń fi iná yẹn mí, bóyá n bá di ìyá mi mú bẹ́ẹ̀ náà. O ò ṣe ohun tó burú."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbọ́ mi. Mo ti ń ké igbe òjò láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Òní ni mo kọ́kọ́ ké e tí ọwọ́ ò wá." Wọ́n wo ọwọ́ tiwọn. "Ara mi lè gba kí n má ṣiṣẹ́ mọ́. Ogbó á dé bá gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kí òjò máa pa ìkòkò lójú mi, kí ọmọ mi máa dì mí mú kí n máa wò ó, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Pe ọmọ akọ̀wé yẹn. Sọ fún un pé kí ọkọ̀ wọn yà síbí lọ́la."

"Rárá."

"Ìbídùn."

"Rárá, Ìyá! Ilé yín nìyí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ ò ní lọ síbi tí wọ́n ti ń jókòó títí wọ́n á fi kú. Kí Àjọ gba omi wọn. Kí wọ́n gba iná wọn, a ó mọ bí a ó ti ṣe ti Móyọ̀, Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ má lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi mí sílẹ̀."

Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi orí lé itan ìyá rẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ló ti ọkàn rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sunkún náà ni ohun kan ń tú sílẹ̀ ní àyà rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Lọ́la, kò ní sí ọwọ́ tí òun á máa ṣọ́. Òun á lè kọ ẹ̀yìn sí àgbàlá. Òun á lè sùn láìní máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ arúgbó lójú àlá. Móyọ̀ á máa mí, omi á máa yọ, iná á padà di àwọ̀ ewé. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó bá ohun náà jà, ó lé e, ara rẹ̀ sì tún fúyẹ́ sí i.

Ó yára gbé ojú sókè láti tún bẹ̀ wọ́n, kí ohun náà tó hàn lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń wò ó bọ̀, wọ́n sì ti rí i.